Ọ̀wẹnà Méjì, Odò Kan: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ń Lọ Síbi Ìgbéyàwó

 

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè ọ̀nà, mo sì tún ṣìnà. Kì í ṣe pé òwe náà purọ́. Ìbéèrè tèmi ni kò kún. Ọ̀rọ̀ yìí sọ sí mi lọ́kàn lọ́sẹ̀ tí ó kọjá nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Ọ̀wẹnà, ó sì fẹ́ lọ bá a yọ̀. Ó bi mí léèrè irú aṣọ tí òun yóò wọ̀, ibi tí òun yóò sùn sí, àti iye owó tí òun yóò mú dání. Mo dá a lóhùn pé, “Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n o kò tíì béèrè èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀wẹnà wo?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ọ̀wẹnà ju ẹyọ kan lọ ni?”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe ronú ní ọdún 2007. Ohun tí ìrònú náà kó bá mi ni mo fẹ́ sọ lónìí, kí ẹni tí ń lọ síbi ìnáwó lè fi mí kọ́gbọ́n.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀wẹnà tí kì í ṣe Ọ̀wẹnà

Bàbá mi ní àbúrò obìnrin kan, Màmá Ọ̀wẹnà ni gbogbo wa ń pè é. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n ọkọ Màmá jẹ́ àgbẹ̀ tí ó lọ dá oko kòkó sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìdànrè, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ilé. Ọkọ náà kú nígbà tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ṣì kéré. Bàbá mi ni ó san owó ilé-ìwé ọmọ náà láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó wá rí èrè iṣẹ́ rẹ̀, ní ọdún 2005, bàbá mi náà re ibi àgbà ń rè.

Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Màmá ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn. Ó ní àwọn ẹbí ọkọ òun tí ó kú ni yóò ṣe olórí ètò gẹ́gẹ́ bí àṣà, ṣùgbọ́n òun yóò fi àga kan sí ààrin àwọn àgbà fún ẹ̀gbọ́n òun. “Ìwọ ni yóò jókòó sí i. Bí ọkọ ìyàwó bá dọ̀bálẹ̀, ìwọ ni yóò fi ohùn bàbá rẹ ṣàdúrà fún wọn.” Mo ní, “Ẹ má ṣe ìyọnu, Màmá. Mo ti dé.”

Mo bi í bí a ṣe ń dé ibẹ̀, nítorí bàbá mi nìkan ni ó máa ń lọ nígbà ayé rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ó ní kí n wọ mọ́tò, bí mo bá ti rí afárá lórí odò, tí mo sì rí i tí wọ́n to ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà jọ sí ẹ̀bá títì, kí n sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tí n kò lè bi ní ilé òun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wọ mọ́tò Àkúrẹ́ ní Ìwó Road, ní Ìbàdàn. Mo sọ fún awakọ̀ pé Ọ̀wẹnà ni mo ń lọ. Ó ní kò burú, òun yóò gba ibẹ̀ kọjá. Òtítọ́ ni ó sọ. A kọjá Ifẹ̀, a kọjá Iléṣà, a wọ inú igbó àti òkè tí ó wà lápá ibẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo rí afárá, mo rí odò, mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà rẹpẹtẹ ní ẹ̀bá títì. Awakọ̀ kígbe pé, “Ọ̀wẹnà rèé o!” Mo gbé àpò mi, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo béèrè ilé Màmá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Iná ti tán nínú fóònù mi. Ẹni kẹrin tí mo bi jẹ́ ìyá àgbà kan tí ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, Ọ̀wẹnà wo ni wọ́n júwe fún ọ?” Mo ní Ọ̀wẹnà Ìdànrè ni. Ó sọ igbá ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Háà! Ọ̀wẹnà-Ìjẹ̀ṣà nìyí o. Odò kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlú méjì ni.”

Mo fẹ́ dá mọ́tò dúró lójú ẹsẹ̀. Ìyá náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọ̀nà òru kò dára, àti pé bí mo bá tilẹ̀ dé Àkúrẹ́, n kò ní rí mọ́tò tí yóò gbé mi lọ sí ojú ọ̀nà Oǹdó ní àkókò bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní ẹ̀bà, ó tẹ́ ẹní fún mi nínú yàrá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ní ìdájí, ó sìn mí dé ẹ̀bá títì, ó dá mọ́tò Àkúrẹ́ dúró fún mi. Mo fún un ní owó, kò gbà á. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Bá mi fún ìyàwó. A kì í lọ síbi ìnáwó lọ́wọ́ òfo.”

Ní gáréèjì Àkúrẹ́, èrò tí ń lọ sí ojú ọ̀nà Oǹdó kò tètè pé. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ìdána; ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá kí n tó rí afárá kejì, odò kan náà, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn. Àwọn alága ti sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ti ka ẹrù ìdána, ọkọ ìyàwó ti dọ̀bálẹ̀, ìyàwó ti gbé fìlà lé e lórí. Mo wo ìlà àwọn àgbà lábẹ́ àtíbàbà. Àga kan ṣófo láàrin wọn. Ẹnikẹ́ni kò jókòó sí i. Ẹnì kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kan àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé iwájú àga náà, wọ́n sì fò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn náà sílẹ̀ níbẹ̀ ná. Mo ń padà bọ̀ wá parí rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀, àti nínú àwọn ìrìn tí mo ti rìn lọ sí ibẹ̀ láti ìgbà náà, ni ó kàn báyìí.

Ìmọ̀ràn kìn-ín-ní: Ẹ béèrè orúkọ ìlú dé ìdí

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ kan lè jẹ́ ti ìlú méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀wẹnà kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Èyí ni Ọ̀wẹnà-Ìjẹ̀ṣà. Èkejì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Odò Ọ̀wẹnà ni ó fún àwọn méjèèjì ní orúkọ.

Kì í ṣe Ọ̀wẹnà nìkan. Ifọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ifọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìdó-Èkìtì wà, Ìdó-Àní sì wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ “Ìjẹ̀bú” ní àgbọ́ọ̀gbọ́tán lè rò pé Ìjẹ̀bú-Òde ni, kí ó sì jẹ́ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí ó wà nítòsí Iléṣà ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n tí àwọn baba wa dá sí i: wọ́n so orúkọ ẹ̀yà tàbí ilẹ̀ mọ́ orúkọ ìlú. Ṣùgbọ́n ará ìlú kì í pe ìso yẹn nígbà tí ó bá wà nílé. Ẹni tí ń gbé ní Ọ̀wẹnà kò ní sọ pé “Ọ̀wẹnà Ìdànrè”. Lójú tirẹ̀, Ọ̀wẹnà kan ṣoṣo ni ó wà láyé. Àlejò ni ó gbọ́dọ̀ béèrè ìyókù.

Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ìpínlẹ̀ wo ni, ojú ọ̀nà wo ni, ìlú wo ni ó ṣáájú rẹ̀, èwo ni ó sì tẹ̀ lé e? Bí Màmá bá ti sọ fún mi pé, “Bí o bá kúrò ní Àkúrẹ́ tí o kọjú sí Oǹdó, ìwọ yóò bá wa lọ́nà,” n kò bá tí sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀. Afárá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe àmì. Ọjà ni wọ́n ń tà níbi gbogbo tí igbó bá wà.

Ìmọ̀ràn kejì: Ẹ mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà

Òwe wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ń bọ̀ láti Èkó lè gba Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀rẹ̀. Ní Ọ̀rẹ̀, yóò yà sí ọ̀nà Oǹdó, yóò sì bá Ọ̀wẹnà pàdé lẹ́yìn Oǹdó kí ó tó dé Àkúrẹ́. Ẹni tí ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè gba Ifẹ̀ bọ́ sí Oǹdó, tàbí kí ó gba Iléṣà dé Àkúrẹ́ kí ó tó yí padà sí ọ̀nà Oǹdó. Bí ẹ bá gba ti Iléṣà bí èmi, ẹ ó kọjá ní Ọ̀wẹnà-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ máa wò ó láti ojú fèrèsé, ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tí ń bọ̀ láti òkè òkun lè gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Àbújá. Pápákọ̀ òfurufú wà ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ tí bàálù ń lọ síbẹ̀ kí ẹ tó fi ọkàn sí i. Láti Àkúrẹ́ sí Ọ̀wẹnà kò pé wákàtí kan bí ọ̀nà bá já geere. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ṣe rin ìrìn òru. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ sọ ọ́ fún mi ní ọdún 2007; ọ̀rọ̀ náà tún wá wúwo ju ti ìgbà náà lọ lónìí.

Ìmọ̀ràn kẹta: Ẹ dé ní ọjọ́ kan ṣáájú

Mo rò pé mo ti ṣe èyí nítorí ọjọ́ Ẹtì ni mo gbéra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kò tíì fi àyè kankan sílẹ̀ fún àṣìṣe. Bí mo bá ti gbéra ní òwúrọ̀, mo lè ṣìnà ní ọ̀sán kí n sì dé ilé Màmá kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀.

Gbogbo ibi tí ìgbéyàwó bá ti jìnnà sí ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òfin. Ẹni tí a bá pè síbi ìgbéyàwó ní erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fúùfù kan wà tí wọ́n ń pè ní meltemi, tí ó máa ń jà nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, tí ó sì lè dá ọkọ̀ dúró sí èbúté. Ẹni tí ó bá fi ìrìn rẹ̀ sí òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó lè wà ní etí òkun nígbà tí wọ́n bá ń fi òrùka sí ìyàwó lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ ni tiwọn. Gáréèjì tí èrò kò pé ni tiwa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí mìíràn tún wà. Alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni ẹbí máa ń jókòó láti pín iṣẹ́: ta ni yóò gba àlejò, ta ni yóò ka ẹrù, ta ni yóò ṣàdúrà. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, wọn yóò fi ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tàbí kí ipò náà ṣófo.

Ìmọ̀ràn kẹrin: Ìgbà, aṣọ àti ibùsùn

Ìlú oko kòkó ni ilẹ̀ Ìdànrè, ó sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń kórè kòkó jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Láti oṣù kẹwàá títí di ìparí ọdún ni kòkó máa ń pọ̀. Ìgbà tí owó kòkó bá wọlé ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń ṣe ìnáwó, òjò pẹ̀lú sì ti ń dáwọ́ dúró. Bí ìwé ìpè bá sọ oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, ẹ múra fún eruku ní ọ̀sán àti òtútù díẹ̀ ní ìdájí. Bí ó bá sọ oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án, ẹ mú agbòjò àti bàtà tí ẹrẹ̀ kò ní bà jẹ́. Bàtà gogoro kò dára fún ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí.

Ẹ tètè béèrè aṣọ ẹbí, kí ẹ sì béèrè àwọ̀ fìlà àti gèlè lọ́tọ̀, nítorí ìwọ̀nyí ni a fi ń mọ ẹbí ìyàwó yàtọ̀ sí ẹbí ọkọ. Aṣọ náà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín nínú ọkọ̀. Ẹrù tí ó wà lẹ́yìn mọ́tò lè sọnù, ẹ kò sì lè yá aṣọ ẹbí.

Ọ̀wẹnà kì í ṣe ìlú ńlá. Bí ẹ bá fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó ni kí ẹ wá a sí, kí ẹ sì gba mọ́tò tí yóò gbé yín lọ tí yóò sì gbé yín bọ̀. Ṣùgbọ́n bí onínàáwó bá fún yín ní àyè nínú ilé rẹ̀, tí ẹ sì lè fara mọ́ ẹní, ẹ gbà á. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ èdè Yorùbá tí kò sí nínú ìwé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, àpò ẹ̀fọn, aṣọ ìnura àti oògùn tí ẹ bá ń lò dání.

Ìmọ̀ràn karùn-ún: Owó

Ẹ gba owó ní báńkì Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó kí ẹ tó wọ Ọ̀wẹnà. Ní ti owó níná, ẹ fetí sí èyí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní òkè òkun. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, ní abala 21, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fọ́n owó náírà sí ènìyàn lára tàbí láti jó lórí rẹ̀ níbi àríyá. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ènìyàn fi òfin náà ṣeré, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Ẹ fi owó sínú àpò ìwé, ẹ kọ orúkọ yín sí i lára, ẹ fi lé ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Iyì rẹ̀ kò dín kù.

Ìmọ̀ràn kẹfà: Ẹnu yín ni ẹ̀bùn yín

Àlejò tí ó mọ ìkíni ti gba ìdajì iyì kí ó tó jókòó. Bí ẹ bá dé, “Ẹ kú ìnáwó” ni ẹ ó kí onínàáwó. “Ẹ kú oríire” náà dára. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn tí ń ṣe làálàá nídìí ìkòkò, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà” ni. Àwọn onílé yóò kí yín pé “Ẹ kú ewu ọ̀nà”, ẹ ó sì dáhùn pé “Ewu kò sí.” Ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó tẹ̀ ba fún àgbà, obìnrin yóò kúnlẹ̀. Wọn kò retí kí ẹni tí ó dàgbà sí òkè òkun mọ̀ ọ́n ṣe dé góńgó. Kí wọ́n rí i pé ó gbìyànjú ti tó.

Ẹ ó gbọ́ àdúrà kan lẹ́nu gbogbo ènìyàn: “Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní o!” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. “Mọ” àti “ẹní” ni ó súnkì di “mẹní”. Àdúrà ọmọ ni. Wọ́n ń tọrọ pé kí ìyàwó tètè lóyún. “Àmín” ni ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ ó rí obìnrin méjì tí ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu wọn. Èyí tí ó ṣojú ẹbí ìyàwó ni alága ìjókòó, nítorí onílé ni, ó ti jókòó. Èyí tí ó ṣojú ẹbí ọkọ ni alága ìdúró, nítorí pé ẹni tí ó wá tọrọ nǹkan kì í tètè rí àga. Wọn yóò fi orin àti ẹ̀fẹ̀ gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe bínú. Bí ìdána ṣe ń dùn nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ń ka ẹrù, ẹ tẹ́tí: pẹ̀lú obì, wọn yóò ní kí ó bi ibi dànù, pẹ̀lú orógbó, kí wọ́n gbó kí wọ́n tọ́, pẹ̀lú oyin, kí ayé wọn dùn. Ẹ̀kọ́ èdè ọ̀fẹ́ ni.

Ìmọ̀ràn keje: Ọjọ́ kejì

Bí ẹ bá ní àyè lẹ́yìn ìnáwó, ẹ má ṣe sáré padà. Ẹ lọ wo Òkè Ìdànrè, tí Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO ní ọdún 2007, tí ó sì wà nínú ìwé àwọn ibi tí ń dúró de ìfọwọ́sí. Àtẹ̀gùn tí ẹ ó gùn ju 600 lọ, nítorí náà ẹ lọ ní kùtùkùtù, pẹ̀lú omi àti bàtà pẹlẹbẹ. Orí òkè náà ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé ní ayé àtijọ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè yẹn yóò mọ ìdí tí ogun kò fi rọrùn láti gbé dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àga náà

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn mi.

Nígbà tí mo wọ abẹ́ àtíbàbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tèmi ti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gbé léjìká, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ bẹ́. Ta ni yóò ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí Ọ̀wẹnà? Ó dà bí ẹni tí ó gbé omi lọ sí odò. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú Màmá ni mò ń wá. Kò bá mi wí. Ó bọ́ síwájú mi, ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó ní, “Ẹ kú ewu ọ̀nà, bàbá mi. Ṣé kò sí nǹkan?” Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì tètè lè dìde. Ì bá dùn mọ́ mi kí ó bú mi.

N kò jókòó sí àga náà ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Mo jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn àna ti lọ, tí àwọn tí ó ni àga bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀, mo gbọ́ tí Màmá ń sọ fún wọn pé, “Ẹ fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀ ná.” Ó pè mí, ó ní kí n jókòó. Ó pe ìyàwó àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ti ń múra àtilọ. Ìyàwó kúnlẹ̀, ọkọ dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, àwọn ọmọ tí ń kó àga dúró, wọ́n ń wò wá.

Mo ṣàdúrà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi máa ń sọ ni mo sọ, pé kí wọ́n má ṣe pàdánù ara wọn, kí ilé wọn má ṣe gbóná. Ìyàwó sunkún, Màmá ṣe “Àmín” tí ó gùn. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà náà, nítorí Ọlọ́run kì í wo aago. Ṣùgbọ́n a kì í ṣàdúrà ìdána fún Ọlọ́run nìkan. A ń ṣe é kí àwọn àna lè gbọ́, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ yìí ní ẹni tí ó tọ́ ọ, àti pé ẹni náà ní ọmọ tí yóò béèrè rẹ̀ lọ́la. Àwọn àna ti lọ. Àga tí ó ṣófo ni wọ́n rí, òun ni wọ́n sì gbé lọ sílé nínú ọkàn wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Yorùbá bá pe ènìyàn síbi ìgbéyàwó, kì í ṣe oúnjẹ ni a pè é wá jẹ. Ẹlẹ́rìí ni a pè é wá ṣe. Bí ẹ̀bùn ṣe lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí owó sì lè gba báńkì kọjá, ojú ẹni kì í tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀.

Láti ọdún náà, bí mo bá ń lọ sí Àkúrẹ́ láti Ìbàdàn, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀wẹnà-Ìjẹ̀ṣà láti kí ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ títí ó fi sùn nínú Olúwa. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń lọ sí Ọ̀wẹnà kejì lọ kí Màmá. Àwọn ọmọ àbúrò mi ti dàgbà báyìí. Bí èyí àgbà nínú wọn bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni yóò bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù, àti gbogbo ẹ̀yin tí ìwé ìpè bá dé ọwọ́ yín, ẹ béèrè aṣọ, ẹ béèrè òtẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè owó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè èyíkéyìí nínú wọn, ẹ béèrè pé, “Ọ̀wẹnà wo?”

Ọ̀nà yóò là fún wa o. Ire ni o!